Ìwọ̀ Ṣíbí Nínú Odò Kéékèèké: Ẹja Pípa Láti N'Gattakro

Ẹni tó bá ń gbé N'Gattakro, ní Bouaké nílẹ̀ Côte d'Ivoire, tó sì fẹ́ràn ẹja pípa, ọ̀nà Béoumi ló sábà máa ń wò, nítorí pé apá ibẹ̀ ni adágún Kossou wà. Adágún ńlá ni lóòótọ́. Odi tí wọ́n fi sé odò Bandama, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972, ló dá a sílẹ̀, àwọn apẹja Bozo tí wọ́n ti Màlì wá sì ń fi ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n kó ẹja níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Kossou gba ọkọ̀, ó gba àwọ̀n, ó sì gba ẹni tó lè sùn sétí omi. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tí yóò ṣí kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Àwọn odò kéékèèké ni orí ìwé yìí wà fún. Orí ilẹ̀ gíga tó pín omi sí méjì ni Bouaké jókòó lé. Òjò tó bá rọ̀ sí apá ìlà-oòrùn ìlú, odò N'Zi ni yóò bá lọ. Odò Kan wà lára àwọn tó ń gbé e débẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ sí apá ìwọ̀-oòrùn, Bandama ló ni ín. N'Zi fúnra rẹ̀ yóò sì wọnú Bandama lọ́hùn-ún ní gúúsù, lápá Tiassalé. Láàárín odò ńlá méjèèjì ni àìmọye odò wà tí ọkọ̀ ń gba orí afárá wọn kọjá láìsí ẹni tó wo ìsàlẹ̀. Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní taxi-moto níbí, lè gbé yín dé ẹ̀bá ọ̀kan nínú wọn ní ìdájí, kí ẹ sì ti padà sílé kí oòrùn tó mú. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ju adágún lọ ni pé nínú odò kékeré, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo omi dáadáa yóò mọ ibi tí ẹja wà kó tó ju ìwọ̀. Nínú adágún, àfi kí èèyàn máa jù ú kiri.

Ẹja trout ni àwọn ará Yúróòpù fi kọ́ ọgbọ́n tí a fẹ́ lò yìí, ìyẹn fífa ṣíbí, irin kékeré tó ní ìwọ̀ nídìí, nínú omi. Omi tútù ni trout ń gbé, kò sì sí i nínú odò Côte d'Ivoire. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, orí òkè Atlas ní Mòrókò ni trout ti jẹ́ ọmọ onílé. Ti Kẹ́ńyà, èèyàn ló gbé e wá, Ewart Grogan sì ni wọ́n mọ̀ pé ó kó o sínú odò Gura ní 1905. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò so mọ́ trout nìkan. Inú odò tóóró, tó ń ṣàn, ẹja tó ń ṣọdẹ kì í sáré kiri. Omi ló ń gbé oúnjẹ bọ̀, nítorí náà yóò wá ibi tí ìṣàn kò ti ní dà á láàmú, yóò kọjú sí òkè odò, yóò sì dúró de ohun tó ń bọ̀. Bó ṣe rí lórí Atlas náà ló rí lẹ́yìn Bouaké.

Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé, tí ẹ ó sì máa bá pàdé jù, ni Hemichromis fasciatus, ẹja pẹlẹbẹ tó ní àmì dúdú márùn-ún gbàràgbàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alámì-márùn-ún ni màá máa pè é. Kì í sábà gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹja tí ìjà rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú odò wọ̀nyí. Takọtabo rẹ̀ ló ń ṣọ́ ẹyin àti ọmọ, wọn a sì máa lé ẹja tó tóbi jù wọ́n lọ. Tí ṣíbí bá gba iwájú ilé wọn kọjá, bóyá ebi ń pa wọ́n tàbí kò pa wọ́n, wọn á gbá a.

Ibi tí omi bá ti rọra ń lọ, tí ewéko sì wà létí bèbè, ni Hepsetus máa ń lúgọ sí. Ara rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ṣọọrọ, eyín rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́. Ẹja yìí a máa fi ìfófòó ṣe ìtẹ́ sáàárín ewéko lójú omi, inú ìfófòó náà ló ń yé ẹyin sí, yóò sì dúró tì í. Bí ẹ bá rí òkìtì ìfófòó funfun tó dúró sójú kan nínú koríko tí omi kò gbé lọ, ẹ má ṣe ju ìwọ̀ síbẹ̀. Ẹ gba ibòmíràn lọ.

Nínú N'Zi àti Bandama gan-an, níbi tí omi bá ti le, Hydrocynus wà níbẹ̀, ẹja tí eyín rẹ̀ ń yọ síta bó tilẹ̀ pa ẹnu dé. Ẹ̀yà rẹ̀ kéékèèké máa ń gòkè wá sínú odò tó ń já sí wọn nígbà tí omi bá kún. Ẹ ó tún rí Schilbe àti Chrysichthys, tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní machoiron, tí àwa ń pè ní ọ̀bọ̀kún. Ẹ̀gún wà lẹ́yìn wọn àti ní apá wọn méjèèjì, ẹ má fi ìkánjú mú wọn.

Ẹ̀pìyà ńkọ́, tí gbogbo Bouaké ń pè ní carpe? Ó wà púpọ̀, ìlú yìí pàápàá sì ní orúkọ nídìí rẹ̀. Ẹ̀pìyà odò Naili tí wọ́n sìn ní ibùdó ẹja tó wà ní Bouaké ni wọ́n kó lọ sí Bràsíl ní 1971, títí di òní ni àwọn onímọ̀ ẹja sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìran ẹ̀pìyà tí wọ́n ń pè ní souche Bouaké. Ṣùgbọ́n ewédò àti nǹkan wẹ́wẹ́ inú omi ni ẹ̀pìyà ń jẹ jù. Ẹ má fi ṣíbí yín dààmú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀pìyà, kó fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ kékeré, kó sì jókòó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká di ẹrù.

Ọ̀pá tí kò ju mítà 1.8 lọ ni ẹ nílò, tó fúyẹ́, tí orí rẹ̀ sì rọ̀. Èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa há sáàárín ẹ̀ka, nítorí igbó tó tẹ̀lé odò ní ilẹ̀ Baoulé máa ń ki dé etí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dàn ni gbogbo àyíká. Kẹ̀kẹ́ okùn kékeré ni kó wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí ike okùn rẹ̀ kì í yí nígbà tí a bá ju ìwọ̀, tí okùn kàn ń yọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Alfred Illingworth ará Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìwé àṣẹ irú kẹ̀kẹ́ yìí ní 1905, oníṣòwò òwú àgùntàn sì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí òwú ṣe ń bọ́ lórí ìkéèkè nílé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville ní Bouaké yóò mọ ibi tí ọgbọ́n náà ti wá. Òun ló jẹ́ kí a lè ju ohun tó fúyẹ́ bíi gíráàmù méjì lọ jìnnà láìsí ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹ rọ okùn kún un dáadáa, kó ku mìlímítà méjì péré kó kan ẹnu. Bí okùn bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fi ara gbo etí ike, ṣíbí kò sì ní lọ jìnnà.

Okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó mìlímítà 0.18 tó. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kò lè gbé ẹja; irọ́ ni. Ìjánu kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ẹja. Ẹ tú ìjánu náà tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọwọ́ fa okùn dáadáa, kẹ̀kẹ́ yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó já. Níbi tí eléyín bá wà, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì sáàárín okùn àti ṣíbí.

Ṣíbí náà ni ọ̀gá. Cuillère ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni, ó so mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìwọ̀ sì wà nídìí wáyà náà. Bí a bá ń fà á nínú omi, irin pẹlẹbẹ yẹn yóò máa yí wáyà ká, yóò máa kọ mànà, yóò sì máa gbọ̀n omi débi pé ẹja tí kò rí i pàápàá yóò mọ̀ ọ́n lára. Mepps, tí ọmọ Faransé kan, André Meulnart, dá sílẹ̀ ní 1938, ni èyí tí wọ́n mọ̀ jù láyé. Fún odò tiwa, nọ́ńbà 0 tí ó wúwo tó gíráàmù 2.5, àti nọ́ńbà 1 tí ó tó 3.5, ti tó. Ẹ mú nọ́ńbà 2 kan dání fún ibú tó jìn. Omi tó mọ́, ẹ lo aláwọ̀ fàdákà. Omi tó ní àwọ̀ tíì, ẹ lo bàbà tàbí aláwọ̀ wúrà. Kò sí ìdí tí èèyàn fi ní láti ra ogójì oríṣi.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ló máa ń wà nídìí rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Mo gba yín níyànjú pé kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ìwọ̀ ẹlẹ́nu kan rọ́pò, kí ẹ sì fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́nu mẹ́ta máa ń há sí gbòǹgbò, ó máa ń ya ẹnu ẹja kékeré tí a fẹ́ dá padà, ọ̀nà ilé ìwòsàn sì jìn bó bá wọ ìka.

Ẹ so ó báyìí. Ẹ ki ẹnu okùn bọ ojú òrùka, ẹ fi ẹnu rẹ̀ yí ara okùn ká nígbà márùn-ún, ẹ dá a padà sínú ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka, kí ẹ tún wá kì í bọ ihò ńlá tí ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹ fi itọ́ rin ín kí ẹ tó fà á le. Náílọ́ọ̀nù tí a bá fà ní gbígbẹ máa ń gbóná níbi tó ti ń fi ara họ ara, ooru náà á sì jẹ agbára rẹ̀. Nígbà tí ìdè náà bá jókòó, ẹ gé ẹ̀yìn okùn kù bíi mìlímítà méjì, kí ẹ fi gbogbo agbára ọwọ́ dán an wò níbẹ̀. Ó sàn kó já lọ́wọ́ yín ju kó já lẹ́nu ẹja, kí ẹja máa gbé irin káàkiri. Òrùka ayípo kékeré kan, bíi ìdajì mítà sókè ṣíbí, ni kò ní jẹ́ kí okùn lọ́ mọ́ra. Bó bá lọ́ náà, ẹ bọ́ ṣíbí kúrò, ẹ jẹ́ kí ìṣàn odò fa okùn òfìfo lọ gígùn, yóò tú ara rẹ̀.

Kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ àṣẹ wà ńlẹ̀. Odò tó ń kọjá lábúlé ní ẹni tó ni ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọgbà. Ẹ lọ sílé baálẹ̀. Wọn yóò fún yín ní ìjókòó, wọn yóò gbé omi wá, lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè amanien lọ́wọ́ yín, ìyẹn ni pé kí lẹ bá wá. Ẹ má kánjú sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì béèrè bóyá odò náà ní ọjọ́ ìsinmi tàbí ibi tí a kì í dé. Àwa tí wọ́n ń pè ní Anago níbí kò ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ̀ pé ẹja odò yẹn kì í ṣe ti ìwọ̀. Ní Côte d'Ivoire níhìn-ín, ní Sapia lẹ́bàá Daloa, ẹja àrọ̀ wà nínú omi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ibú kan jẹ́ ti àwọn babańlá wọn, ẹ dúpẹ́, ẹ sì fò ó.

Ìjọba náà ní tirẹ̀. Òfin 2016-554, ti ọjọ́ 26 oṣù Keje 2016, ló ń darí ẹja pípa àti ẹja sísìn ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ bi ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ń rí sí ẹran àti ẹja ní Bouaké ní ohun tí ìwé àṣẹ yín gbọ́dọ̀ jẹ́. Adágún La Loka, tí ìlú ń mu omi rẹ̀, ẹ má ṣe dédé lọ síbẹ̀. Àwọn tó wà ní Bouaké ní 2018, nígbà tí adágún náà gbẹ tí gbogbo ilé ń gbé kẹ̀ẹ̀gì kiri, mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Ẹ ti dé etí odò báyìí. Ẹ má sún mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ẹja nìyẹn: wọ́n á rìn dé bèbè, wọ́n á nà ró, òjìji wọn á bọ́ sórí omi, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á sì ti fọ́n ká kí wọ́n tó tú ìwọ̀ kúrò lára ọ̀pá. Ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn, ẹ dúró bíi mítà márùn-ún sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo omi fún ìgbà díẹ̀.

Kí ni ẹ ń wò? Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìṣàn ti yá. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ìṣàn yíyá ti fẹnu kan omi tó dákẹ́. Ìlà tó wà láàárín wọn, tí ìfófòó àti ewé gbígbẹ máa ń tẹ̀lé lọ sísàlẹ̀, ni ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà. Ẹja yóò dúró sí apá tó dákẹ́, imú rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà náà. Bí òkúta bá wà láàárín odò, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ibùgbé, iwájú rẹ̀ náà sì jẹ́ ibùgbé, nítorí omi tó bá gbá òkúta máa ń dá tìmùtìmù kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ẹja lè sinmi lé. Ọ̀pọ̀ kì í ju ìwọ̀ síwájú òkúta rárá. Níbi tí odò bá ti yí kọ́nà, omi yóò ti jẹ abẹ́ bèbè ìta, gbòǹgbò igi yóò sì fò síta bí ìka. Inú òkùnkùn abẹ́ rẹ̀ ni alámì-márùn-ún tó tóbi jù máa ń wà. Níbi tí omi bá ti já láti orí àpáta sínú ibú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tó ń já sí ló dára, kì í ṣe àárín ariwo. Ìdí ibú, níbi tí omi ti ń fà sókè kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí sáré, kò jìn, ẹja tó bá sì jáde síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, oúnjẹ ló wá. Ibẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sí, nítorí òun ló sún mọ́ yín jù. Bí ẹ bá fò ó lọ sórí ibú, ẹja ìdí ibú yóò rí okùn yín, yóò sáré wọ inú ibú, yóò sì ta àwọn tó kù lólobó.

Láti ìsàlẹ̀ odò lọ sókè ni ẹ gbọ́dọ̀ máa rìn. Ẹja kọjú sókè, ẹ̀yin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín bá rú sókè yóò sì ṣàn lọ sẹ́yìn yín, kì í ṣe síwájú.

Ẹ ju ṣíbí kọjá ibi tí ẹ rò pé ẹja wà, bíi mítà méjì. Bó bá kù díẹ̀ kó kan omi, ẹ fi ìka kan okùn lẹ́nu kẹ̀kẹ́ kí ó lè balẹ̀ jẹ́jẹ́, kí okùn sì ti le. Lọ́gán tó bá wọ omi ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fà. Omi ń gbé ṣíbí náà bọ̀ wá bá yín. Bí ẹ kò bá fà á yá ju ìṣàn lọ, irin kò ní yí, yóò kàn máa wọ́ bọ̀ bí ewé. Ọwọ́ yín ni yóò sọ fún yín: bí ṣíbí bá ń yí, orí ọ̀pá á máa gbọ̀n rì-rì-rì. Bí ìgbọ̀nrìrì náà bá dákẹ́, ẹ ta okùn díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ dorí ọ̀pá kọ omi kí ṣíbí lè rìn nísàlẹ̀. Nígbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ òkúta tàbí gbòǹgbò, ẹ dẹ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó rì díẹ̀, kí ẹ tún fà. Púpọ̀ nínú ẹja máa ń gbá a ní kété tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí yí.

Níbi tí ẹ̀ka kò jẹ́ kí a gbé ọ̀pá sókè, ẹ fi ìka méjì mú ìwọ̀ ṣíbí níbi ọrùn rẹ̀, kí ẹnu ìwọ̀ kọjú sí òde, ẹ fà á sẹ́yìn títí ọ̀pá yóò fi tẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ ihò tó wà láàárín ewé, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú okùn. Ẹ kọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé kí ẹ tó lò ó létí odò.

Ìjù àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù ní ibùgbé kọ̀ọ̀kan. Bí ìkẹta bá lọ tí kò sí ohun tó kàn án, ẹ kọjá. Alámì-márùn-ún kì í ronú púpọ̀: ẹ ó rí òjìji pupa-rẹ́súrẹ́sú kan tó yọ lábẹ́ bèbè, yóò tẹ̀lé ṣíbí ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, á dà bíi pé ó fẹ́ padà, lẹ́yìn náà yóò gbá a láti ẹ̀gbẹ́, yóò sì yí padà sábẹ́ gbòǹgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gbé e sókè, kí ẹ lè fà á kúrò lọ́dọ̀ igi. Hepsetus yàtọ̀. Ó máa ń fi ẹnu di ṣíbí mú láì jẹ́ kí ìwọ̀ wọlé, bó bá sì dé ẹsẹ̀ yín, yóò ya ẹnu, yóò lọ. Bí ẹ bá ti mọ ìwúwo rẹ̀, ẹ fa ọ̀pá gírí lẹ́ẹ̀mejì, kí okùn má sì dẹ̀ títí ẹ ó fi kó o wọ àwọ̀n ọwọ́.

Nígbà wo ló yẹ ká lọ? Ní apá Bouaké, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta, ó máa ń dẹwọ́ láàárín oṣù Keje sí Kẹjọ, ó tún máa ń rọ̀ ní Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Odò tó kún, tó pọ́n, kò ṣeé fi ṣíbí pa ẹja. Ọjọ́ tó dára jù ni ọjọ́ tí omi ń fà sẹ́yìn lẹ́yìn òjò, tí ó ṣì ní àwọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ti lè rí ẹsẹ̀ yín bó bá mù yín dé orúnkún. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dára, àyàfi nígbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ máa ń tutù jù tí ẹja sì ń lọ́ra. Nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò ṣeé fojú fò. Ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta, tí ẹja ti ń rí kòkòrò jẹ, ibẹ̀ náà ni ọmọ amúkùrù ti ń lẹ̀ mọ́ òkúta kó tó di eṣinṣin tó ń jẹni. Òun ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ ojú àwọn ará etí odò. Láti 1974 ni àjọ ìlera àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan lòdì sí i ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ọkọ̀ òfurufú ń da oògùn sínú odò, tí àwọn onímọ̀ ORSTOM, iléeṣẹ́ ìwádìí ti Faransé, ní Bouaké sì ń wo ẹja láti mọ̀ bóyá oògùn náà ń pa wọ́n lára. Ètò yẹn gba ojú ọ̀pọ̀ èèyàn là. Síbẹ̀, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn, ẹ sì gba oògùn Mectizan nígbà tí wọ́n bá ń pín in ládùúgbò. Omi tó dákẹ́, tó ní ìgbín kéékèèké nínú koríko, lè ní kòkòrò àtọ̀sí ajá. Ẹ má wọ inú rẹ̀, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú. Orí òkúta àti bèbè ni kí ẹ ti máa ju ìwọ̀. Ní etí Bandama, ẹ béèrè nípa erinmi lọ́wọ́ àwọn ará abúlé kí ẹ tó sún mọ́ omi.

Ohun kan wà tó ń bà mí nínú jẹ́. Ọ̀pọ̀ odò tó ti mọ́ rí ti di bíi wàrà báyìí nítorí àwọn tó ń wa góòlù láìgba àṣẹ, tí wọ́n ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú omi, tí wọ́n sì ń lo mákúrì. Bí odò bá pọ́n tàbí tó funfun nígbà tí òjò kò rọ̀, ẹ má jẹ ẹja ibẹ̀. Ẹ sọ fún baálẹ̀, ẹ sì wá omi míràn.

Ẹ kó ìwọ̀n tí ilé yín lè jẹ lóòjọ́, kí ẹ dá ìyókù padà. Ẹ fi omi rin ọwọ́ kí ẹ tó mú ẹja tí yóò padà, ẹ fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀ nínú omi, ẹ má gbé e sórí iyanrìn. Èyí tí ẹ bá fẹ́ jẹ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ìfun rẹ̀, ẹ fi ewé tútù wé e sínú apẹ̀rẹ̀. Alámì-márùn-ún dùn lórí iná ẹ̀yín pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti àtíẹ̀kẹ́. Hepsetus ní egungun wẹ́wẹ́ púpọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ léraléra kí ẹ tó dín in gbẹ.

Láti oṣù Kìíní títí òjò yóò fi padà, ọ̀pọ̀ nínú odò wọ̀nyí kì í ṣàn mọ́. Ohun tó kù ni ibú kọ̀ọ̀kan níbi tó jìn, gbogbo ẹja odò ti há sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú omi sì ti dín kù. Àwọn kan máa ń da oògùn kòkòrò sínú irú ibú bẹ́ẹ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Òfin kọ̀ ọ́, ó sì ń pa ẹni tó jẹ ẹ́ lára. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ṣíbí lọ síbẹ̀. Ẹja tó wà nínú ibú yẹn ni yóò gòkè nígbà tí òjò oṣù Kẹta àti Kẹrin bá so àwọn ibú pọ̀, òun ni yóò sì kún odò náà padà. Ní oṣù wọ̀nyẹn, ẹ gba etí odò ńlá lọ níbi tí omi ṣì ń ṣàn, tàbí kí ẹ dúró sílé, kí ẹ fi epo nu kẹ̀kẹ́, kí ẹ pààrọ̀ okùn tó ti gbó, kí ẹ sì fi òkúta ìpọ́nbẹ pọ́n ẹnu àwọn ìwọ̀ títí tí wọn yóò fi máa kọ́ èékánná nígbà tí ẹ bá gbé wọn lé e.